Okùn Bàtà Wa: Kókó Tí Kì Í Tú Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa ní Kumasi

  

Nígbà tí akọ̀wé wa kéde pé ọ̀rọ̀ okùn bàtà ni mo fẹ́ sọ, mo gbọ́ ẹ̀rín láti ẹ̀yìn. N kò bínú. Ta ni kò mọ okùn bàtà so? Ṣùgbọ́n bàtà ni mo ń tà, bàtà náà ni mo sì ń tún ṣe. Láti àárọ̀ títí di alẹ́, ẹsẹ̀ ènìyàn ni mò ń wò. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń so okùn bàtà lọ́nà tí yóò fi tú. A ó so ó láàárọ̀, a ó tún un so lọ́sàn-án, a ó tún un so nírọ̀lẹ́, a ó wá máa sọ pé okùn ìsinsìnyí kò dára mọ́. Ẹ̀bi kì í ṣe ti okùn. Kókó tí a ta ni kò dára. Àtúnṣe rẹ̀ kò ná wa ní pésèwà kan, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sílé lónìí: kókó tí yóò dúró nígbà tí a bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tí yóò sì tú wẹ́rẹ́ nígbà tí a bá fẹ́ bọ́ bàtà. Ó ṣeé ṣe kí ìkan náà ní ìwà méjèèjì. Èyí ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ohun tí okùn tó tú ń gbà lọ́wọ́ wa

Àwọn àgbà ní, igi gańgan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí à ń ṣe nílùú yìí. Àwọn ọmọ wa wà ní Suame Magazine, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń tún mọ́tò ṣe, tí wọ́n ń jó irin, tí wọ́n sì ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún epo dúdú àti irin wẹ́wẹ́. Àwọn mìíràn ń gun àkàsọ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Àwọn kan ń gbé ẹrù ní Kejetia, àwọn kan ń wa ọ̀kadà, àwọn kan sì ti lọ sí Obuasi, ìlú góòlù. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, ẹni tó gbé ẹrù lọ́wọ́, tó wá tẹ okùn bàtà ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ní ọwọ́ tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Mo mọ ọmọ iṣẹ́ kan tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ jọ gbé gíábọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tẹ okùn ẹsẹ̀ òsì. Bí ó ti ṣubú, gíábọ́ọ̀sì jábọ́ lé ìka ọwọ́ rẹ̀. Káàdì NHIS ràn án lọ́wọ́ nílé ìwòsàn, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n káàdì kì í san owó ọjọ́ tí ènìyàn fi jókòó sílé. Ìyá rẹ̀ ló ń bọ́ ọ láti inú igbá tòmátì tó ń tà, títí ọwọ́ náà fi san.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Òfin iṣẹ́ Ghana ti ọdún 2003, ìyẹn Labour Act, 2003 (Act 651), sọ ní abala 118 pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ pèsè ohun èlò ààbò fún òṣìṣẹ́ láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Inú wa dùn sí èyí. Ṣùgbọ́n abala yìí kan náà ní òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ lo ohun tí wọ́n fún un, àti pé bó bá jẹ́ pé àìlò rẹ̀ nìkan ló fa ìpalára, a kò ní dá agbanisíṣẹ́ lẹ́bi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ gbọ́ ọ yé. Bí ọ̀gá bá fún ọ ní bùútù, tí o kàn ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láìso ó, tí bùútù bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ kí irin tó já lé ọmọ ìka rẹ, ọ̀gá lè sọ pé òun ti ṣe tòun, ìwọ ni o kò lò ó. Okùn tí a kò so lè di ẹjọ́ tí a kò ní lè rò.

Ìdí tí a fi ń so ó láìfún

N kò sọ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe wá. Àṣà wa ni bíbọ́ bàtà. Ọmọ Yorùbá kì í wọ bàtà dé iwájú ọba. Mùsùlùmí tó ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ yóò bọ́ bàtà ṣe àlùwàlá, yóò bọ́ ọ wọ mọ́ṣáláṣí. Àwọn ará wa ní Sẹ̀lẹ́ àti Kérúbù ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọ ilé àdúrà. Bí a bá dé ilé, ẹnu ọ̀nà ni bàtà ń gbé. Àwọn Asante tí a ń bá gbé náà mọ ìtumọ̀ bàtà lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí olóyè ńlá wọn yóò yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú sálúbàtà rẹ̀, yóò sì sọ aṣọ kalẹ̀ láti èjìká. Bí wọ́n bá fẹ́ rọ olóyè lóyè, wọ́n á bọ́ ahenema kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kan ilẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ pé òun yóò bọ́ bàtà lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́ á so okùn kó dẹ̀, á tẹ gìgísẹ̀ bàtà mọ́lẹ̀, á sọ bùútù di sílípáàsì. Mo mọ̀ pé ó rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe. Ẹ̀yìn bàtà á ṣẹ́, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe kó rí bíi tàtijọ́. Ẹsẹ̀ á máa yọ̀ síwájú sẹ́yìn nínú bàtà, á di roro, á bó. Ọmọ ìka á máa fún ara wọn pọ̀ kí bàtà má baà bọ́, agbára tó yẹ kí ènìyàn fi ṣiṣẹ́ á wá lọ sórí dídi bàtà mú.

Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ni okùn tó fún dáadáa, tí yóò tú bí a bá fa orí kan ṣoṣo. Kókó tó dára ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kókó tí kò dára ni kì í ṣe ìkankan: á tú nígbà tí a kò fẹ́, á sì takú di kókó líle nígbà tí a bá ń kánjú lọ kírun. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ṣe sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ohun tó ń tú okùn

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ aráyé ti ń so bàtà. Ní ihò àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Areni-1, ní orílẹ̀-èdè Armenia, wọ́n rí bàtà aláwọ màlúù kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 5,500 ọdún. Ní 2010 ni wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Okùn awọ wà lára rẹ̀, wọ́n ti í bọ ihò gẹ́gẹ́ bí tiwa. Síbẹ̀, ẹnu àìpẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wádìí ìdí tí okùn bàtà fi ń tú fúnra rẹ̀.

Àwọn mẹ́ta kan ní Yunifásítì California ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é: Christopher Daily-Diamond, Christine Gregg àti Oliver O'Reilly. Ní 2017 ni iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìmọ̀ Proceedings of the Royal Society A. Wọ́n ní kí ènìyàn máa sáré lórí ẹ̀rọ, wọ́n sì fi kámẹ́rà tó lè fi nǹkan tó yá hàn díẹ̀díẹ̀ wo kókó okùn bàtà rẹ̀. Wọ́n rí i pé ohun méjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Àkọ́kọ́, bí ẹsẹ̀ ti ń kan ilẹ̀, ìgbọ̀nrìrì tó ń bá kókó tó ìlọ́po 7 agbára òòfà ilẹ̀ ayé. Kókó á fẹ̀, á tún sún kì, á fẹ̀, á tún sún kì, títí yóò fi dẹ̀. Èkejì, bí ẹsẹ̀ ti ń fì síwájú sẹ́yìn, orí okùn àti etí rẹ̀ tó wà nílẹ̀ gbalaja ń fì pẹ̀lú, wọ́n sì ń fa kókó náà bí ẹni pé ọwọ́ kan tí a kò rí ló ń fà á. Kókó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìsí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ní kété tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, láàárín ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni yóò tú pátápátá.

Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé "ìsinsìnyí ni mo so ó, ó sì tún ti tú" kò purọ́. Ẹ̀kọ́ mìíràn tí wọ́n tún rí ni pé kókó méjì tó jọ ara wọn lójú kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀kan tètè ń tú, èkejì ń pẹ́. Èyí ni yóò mú wa wo ẹsẹ̀ wa.

Ẹ wo kókó yín

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo bàtà ẹsẹ̀ yín nísinsìnyí. Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí nílé, kó mú bàtà olókùn kan, kó so ó bó ti máa ń so ó, kó má ronú rárá. Wàyí o, ibo ni etí kókó náà kọjú sí?

Bí etí méjèèjì bá nà sọ́tùn-ún àti sósì, tí wọ́n dábùú orí bàtà, kókó rẹ dára. Bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí etí kan bá kọjú sí ọmọ ìka, tí èkejì kọjú sí gìgísẹ̀, tàbí tí wọ́n yí sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí o bá rìn díẹ̀, kókó tó ń tètè tú ni o ń ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lágbàáyé ló ń ta irú rẹ̀. Bí ẹni tó kọ́ wa nígbà èwe ṣe ta á ni àwa náà ṣe ń ta á.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a máa ń ta okùn bàtà. A ó kọ́kọ́ gbé ọ̀kan lé ìkejì, a ó tì í bọ abẹ́, a ó fà á. Lẹ́yìn náà ni a ó fi etí ta èkejì sórí rẹ̀. Bí ìtakókó kejì bá gba ọ̀nà kan náà tí àkọ́kọ́ gbà, kókó á wọ́. Bí èkejì bá gba òdìkejì ọ̀nà ti àkọ́kọ́, kókó á jókòó dáadáa, ìkan á máa di ìkejì mú. Àwọn tó ń so ẹrù sórí ọkọ̀ mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn: bí okùn bá gba ọ̀tún lọ, kó gba òsì bọ̀.

Bí a ó ṣe tún un ṣe nìyí. Ẹ máa bá mi ṣe é.

Lọ́nà kìíní, fa orí okùn méjèèjì kí wọ́n gùn dọ́gba.

Lọ́nà kejì, gbé okùn ọwọ́ òsì lé ti ọwọ́ ọ̀tún, tì í bọ abẹ́ rẹ̀, kí o sì fà á kó fún. Orí okùn tó wà lọ́wọ́ òsì tẹ́lẹ̀ ti wá sí ọwọ́ ọ̀tún báyìí.

Lọ́nà kẹta, ká okùn kọ̀ọ̀kan kó di etí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

Lọ́nà kẹrin, gbé etí ọ̀tún lé etí òsì, tì í bọ abẹ́ rẹ̀, kí o sì fa etí méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kó fún.

Òsì lórí ọ̀tún, lẹ́yìn náà ọ̀tún lórí òsì. Ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé etí kan ṣoṣo lo máa ń ká, tí o máa ń yí okùn kejì ká a, má yí ọ̀nà rẹ padà. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni kí o yí padà: bí o bá máa ń gbé òsì lé ọ̀tún, gbé ọ̀tún lé òsì. Wo etí kókó náà, wàá rí i pé ó ti dábùú. Ọwọ́ yóò kọ́kọ́ kọ̀, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára. Fún un ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ti títú rẹ̀, fa orí okùn kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ á tú. Ẹni tó ń kánjú lọ sí mọ́ṣáláṣí kò ní pẹ́. Bí ó bá wá jẹ́ okùn ọ̀rá tó rí rọ̀bọ̀tọ̀, irú èyí tó máa ń bá bùútù wá, tó sì máa ń yọ̀, ohun kan wà tí a lè fi kún un. Ní ọ̀nà kẹrin tí mo sọ, yí etí ọ̀tún ká etí òsì lẹ́ẹ̀mejì kí o tó fà á. Yóò dúró láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí ẹ bá ṣíwọ́ iṣẹ́, orí okùn kan náà ni yóò sì tú u. Ẹ má ta kókó mìíràn lé etí méjèèjì lórí bí a ṣe máa ń ṣe fún ọmọdé. Ìyẹn ló ń di kókó líle tí a ń fi eyín tú.

Bí a ṣe ń ti okùn bọ ihò

Kókó ti parí, ó ku bí okùn ṣe ń gba inú ihò. Ní 2002, onímọ̀ ìṣirò kan ní Yunifásítì Monash ní Ọsirélíà, Burkard Polster, ṣe ìṣirò ọ̀nà tí a lè gbà ti okùn bọ ihò bàtà, ó sì gbé e jáde nínú ìwé ìmọ̀ Nature. Ó rí i pé ọ̀nà méjì tí àwọn ènìyàn ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ló ń fún bàtà jù: èyí tó ń kọjá ara wọn bíi lẹ́tà X, àti èyí tó dábùú bí ìgbésẹ̀ àkàsọ̀. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ wá àrà kiri. Ti X tí ẹ mọ̀ tó fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ìgbà tí bàtà bá ń dun ènìyàn ni kí a ronú ọ̀nà mìíràn. Mẹ́rin ni n ó sọ.

Bí gìgísẹ̀ bá ń yọ sókè nínú bàtà: tí ẹ bá dé ihò tó kẹ́yìn lókè, ẹ má gbé okùn kọjá sí òdìkejì. Ẹ ti okùn ọ̀tún bọ ihò òkè ọ̀tún láti ìta wọnú, ẹ má fà á tán, kí ojú kékeré kan kù níta. Ẹ ṣe ti òsì bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ti orí okùn ọ̀tún bọ ojú kékeré ti òsì, ẹ ti ti òsì bọ ti ọ̀tún, ẹ fà wọ́n, ẹ wá ta kókó. Gìgísẹ̀ kò ní yọ mọ́. Àwọn tó ń sáré àti àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù fẹ́ràn rẹ̀.

Bí òkè ẹsẹ̀ bá ga, tí okùn ń dùn ún: ní ọ̀gangan ibi tó ń dùn, ẹ má jẹ́ kí okùn kọjá lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí okùn kọ̀ọ̀kan gòkè tààrà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ láti ihò kan sí èyí tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí X. Àlàfo á wà níbẹ̀, ara á sì tù ú.

Bí ó bá jẹ́ bùútù gíga: ohun méjì ni bùútù ń di mú, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀, wọn kì í sì í fẹ́ ìfúnpọ̀ kan náà. Ẹ fún ìsàlẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá dé ibi tí ẹsẹ̀ ti ṣẹ́ kọ́ńdọ́, ẹ yí okùn méjèèjì mọ́ ara wọn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gòkè. Ìyípo yẹn kò ní jẹ́ kí ìsàlẹ̀ dẹ̀. Ẹ wá lè fi òkè sílẹ̀ kó rọ̀ díẹ̀, kí ènìyàn lè ká orúnkún gun àkàsọ̀. Ẹ má fo ihò òkè sílẹ̀. Ibẹ̀ ni bùútù ti ń di ọrùn ẹsẹ̀ mú.

Ìkẹrin ni ti àwọn àgbà wa, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Bàbá tàbí ìyá tó ní àtọ̀gbẹ lè má mọ̀ pé bàtà fún òun jù, nítorí pé àrùn náà lè pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Okùn á máa gé e, kò ní mọ̀, ojú á di egbò, egbò àtọ̀gbẹ kì í sì í tètè jinná. Nítorí náà, ẹ bá wọn so ó, kì í ṣe kí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dẹ̀ tó tí ìka kan fi lè wọ abẹ́ okùn. Ẹ bọ́ bàtà kí ẹ wo ẹsẹ̀ wọn lálẹ́, òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan inú bàtà láàárọ̀ bóyá òkúta tàbí ìṣó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra bàtà fún wọn, ẹ rà á lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú bí ọjọ́ ti ń lọ. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n egungun àgbà tó bá ṣẹ́ kì í wo ẹ̀yìn, ilé ìwòsàn ló ń wò. Ẹ má jẹ́ kí okùn bàtà gbé bàbá yín ṣubú.

Okùn àti ẹ̀rọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo nikanika, tí ẹ ń lọ àgbàdo àti ata, ẹ kíyè sí okùn tó ń wọ́ nílẹ̀. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín okùn bàtà àti ẹsẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, etí kókó tó bá gùn lè kọ́ mọ́ jíà. Nígbà tí ẹ bá dúró, tí ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹsẹ̀ kò ní wá, ẹ̀yin àti ọ̀kadà á sì jọ dùbúlẹ̀. Ẹ ti etí àti orí okùn tó kù bọ abẹ́ okùn tó ti fún lórí bàtà, tàbí kí ẹ tì í bọ inú bùútù ní ẹ̀gbẹ́. Bí okùn bá gùn jù, ẹ gé e, kí ẹ sì fi iná ìṣáná yọ́ orí ọ̀rá náà díẹ̀ kó má baà fọ́n.

Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò bo bùútù, ẹ má tì í bọ inú rẹ̀. Ẹ̀tapàrà iná tó bá bọ́ sínú bùútù kò ní ibi tí yóò gbà jáde. Okùn ọ̀rá náà ń yọ́ tí iná bá kàn án, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò kó má já lójijì.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nípa bùútù àlòkù. A kì í bú u, òun ni ọ̀pọ̀ wa lágbára láti rà. Ṣùgbọ́n ó sábà máa ń wá láìní okùn. Mo ti rí ọmọ tó fi wáyà iná so bùútù, mo ti rí èyí tó fi okùn àpò ìrẹsì so ó. Wáyà kì í fún, okùn àpò sì ń já. Okùn bàtà gidi kò wọ́n. Fún bàtà tó ní ihò mẹ́fà mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ wá okùn tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 120. Bí ihò bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí okùn náà gùn sí i. Okùn tó kúrú jù kò ní jẹ́ kí ẹ lè ta kókó tó dára.

Àwọn ọmọ wa

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Láàárín ọdún márùn-ún sí méje ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń gbọ́n tó láti so okùn bàtà fúnra wọn. Ṣùgbọ́n níbí, sálúbàtà Achimota ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń lọ sílé ìwé, irin ìdè ló ní, kò ní okùn. Nítorí náà, ọmọ lè dé JHS kó tó ní bàtà olókùn àkọ́kọ́, ọjọ́ eré ìje ni yóò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ. Ẹ kọ́ wọn kí ọjọ́ náà tó dé.

Ẹ má dojú kọ ọmọ nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọ, nítorí ọ̀tún yín ni òsì rẹ̀. Ẹ gbé e jókòó síwájú yín, kí ẹ̀yin náà jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kí ọwọ́ yín àti ọwọ́ rẹ̀ kọjú sí ibì kan náà. Ẹ lo okùn méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, pupa lọ́tùn-ún, funfun lósì, kó lè rí èyí tó gorí èyí. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é lórí bàtà tó wà nílẹ̀ kí ó tó ṣe é lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ má já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ẹ ń kánjú. Ọmọ tí a kọ́ ní kókó tó dára lẹ́ẹ̀kan kò ní tún un kọ́ mọ́ títí ayé rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ fún

Ẹgbẹ́ wa ń dá owó ìrànlọ́wọ́, ó sì dára. Ṣùgbọ́n owó tí a kò ná sórí ẹni tó ṣubú dára ju èyí tí a ná lọ. Mo ń bẹ yín fún ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí gbogbo ọ̀gá tó wà láàárín wa wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ní àràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wo irinṣẹ́. Èkejì, kí àwọn ìyá wa tó ń tajà fi okùn bàtà kún ohun tí wọ́n ń rà fún ọmọ tó ń lọ kọ́ṣẹ́, ìpààrọ̀ kan fún ìgbà tí ti àkọ́kọ́ bá já. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà tó ń dá gbé, kí wọ́n bá wọn wo bàtà àti ẹsẹ̀ wọn. Èmi náà yóò jókòó lẹ́yìn ìpàdé yìí. Ẹni tí kókó rẹ̀ kò bá dábùú, kó wá, kò ní san ohunkóhun.

Àwọn baba wa tó kọ́kọ́ wá sí ilẹ̀ yìí kí mọ́tò tó pọ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá, ẹrù lórí. Ọ̀pọ̀ sì padà sílé nígbà òfin oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ẹsẹ̀ wọn ni a fi wà níbí lónìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a tọ́jú tiwa.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. A kò ní ṣubú lójú iṣẹ́, a kò ní ṣubú lójú ọjà. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire, a ó fi ẹsẹ̀ ara wa rìn padà dé ilé. Àṣẹ.